Ègé Aṣọ Tí Bàbá Mi So Mọ́ Wáyà

Ní oṣù kẹrin ọdún 1984 ni ìjọba ológun kéde pé àwọn ti ti gbogbo ẹnubodè orílẹ̀-èdè yìí pa, tí wọ́n sì pàṣẹ pé kí olúkúlùkù kó owó ọwọ́ rẹ̀ lọ sí báńkì kí wọ́n bá a pààrọ̀ rẹ̀ sí aláwọ̀ tuntun. Mo rántí àkókò náà dáadáa, kì í ṣe nítorí ìkéde náà fúnra rẹ̀, bí kò ṣe pé ọ̀sẹ̀ tí a gbọ́ ọ lórí rédíò gan-an ni ìyá mi jáde nínú opó. Ayétòrò ni à ń gbé, nínú agbo ilé àwọn bàbá mi, ní apá ibi tí ọ̀nà Ìmẹ̀kọ gbà jáde nílùú. Bàbá mi ti kú nígbà ọyẹ́. A ti ṣe fídáù ogójì ọjọ́ rẹ̀, a ti pín aṣọ rẹ̀, a ti pín kẹ̀kẹ́ àti ilẹ̀ tí ó ń dáko sí. Ohun kan ṣoṣo tí ó kù tí a kò tí ì pín ni ọkọ̀ rẹ̀, nítorí kò sí ẹni tí ó mọ bí a ṣe ń pín òkú irin.

Ọkọ̀ akẹ́rù kékeré ni, irú èyí tí a ń pè ní píkọ́ọ̀pù. Àwọn Faransé ni ó ṣe é. Iwájú rẹ̀ dà bí ti ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́, ẹ̀yìn rẹ̀ sì ṣófo gbọọrọ fún ẹrù. Ó ti gbó kí ó tó di ti bàbá mi, síbẹ̀ òun ni ó ń kó ata, láfún àti àgbàdo láti Ìjoun àti Ìwòyè-Kétu wá sí ọjà Ayétòrò, tí ó sì ń kó wọn lọ sí Ìlaró. Bí ọjà bá tú, a máa kó àwọn obìnrin padà lórí àpò òfìfo, tàwọn ti orin àti èébú tí wọ́n ń bú ara wọn lọ́nà. Òórùn epo bẹntiróòlù àti ata gbígbẹ ti wọ inú àga ọkọ̀ náà débi pé ẹni tí ó bá jókòó níwájú rẹ̀ ní láti sín. Títí di òní, bí mo bá gbọ́ tí ẹnìkan sín lẹ́ẹ̀mẹ́ta léraléra, ó máa ń ṣe mí bíi kí n kí bàbá mi káàbọ̀.

Ọkọ̀ náà ti ṣáájú bàbá mi kú. Lọ́jọ́ ọjà kan, iná iwájú rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣú bí ojú arúgbó, ó sì dákẹ́ sí ẹnu ọ̀nà agbo ilé. A tì í wọlé sábẹ́ igi kaṣú. Bàbá mi ní bí ibà òun bá lọ tán, òun yóò yẹ̀ ẹ́ wò. Ibà náà kò lọ. Àwọn aládùúgbò ní ọkọ̀ náà ni ó lọ tún ilé ṣe de olówó rẹ̀, inú ìyá mi kì í sì í dùn sí ọ̀rọ̀ yẹn, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n fi ń tù ú nínú ni.

Ẹ̀gbọ́n bàbá mi ni olórí agbo ilé. Bàbá Àgbà ni gbogbo wa ń pè é. Kì í ṣe ènìyàn búburú, bí àwọn kan nínú ilé wa ṣe ń ròyìn rẹ̀ báyìí. Ohun tí mo fi ojú ara mi rí ni mo ń kọ. Àwọn tí ń ra irin àlòkù ti wá láti Ìlaró lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n ti fi ìka gbá ilẹ̀kùn ọkọ̀ náà bí ẹni ń gbá igbá wò kí ó tó rà á, àwọn ará ilé sì ti ń bèèrè ìgbà tí a óò tà á. Nítorí náà ni ó ṣe pe ìyá mi síwájú gbogbo wa.

"Ìyàwó," ó wí, "ọkọ̀ tí kò bá ti rìn, irin ni. Jẹ́ kí a ta irin, kí a pín in, kí ẹnu ó sinmi."

"Ẹ dákun, Bàbá," ìyá mi dáhùn lórí ìkúnlẹ̀. "Ọkọ̀ yẹn ni mo fẹ́ gba awakọ̀ sí, kí n lè máa fi tọ́ àwọn ọmọ. Máṣínì ìránṣọ mi nìkan kò lè rán wọn nílé ìwé."

Bàbá Àgbà wo ẹ̀yìn ilé, níbi tí àgbàdo tí ó gbìn pẹ̀lú àkọ́rọ̀ òjò ti ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ ewé. "Ó dára," ó wí. "Bí ọkọ̀ yìí bá gbé ẹrù lọ sí Ìlaró, tí ó sì fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ padà wá kí àgbàdo yìí tó tó sè, tìrẹ ni, kò sì sí ẹni tí yóò bá ọ dá sí i nínú ilé yìí. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, kí onírin wá gbé e."

Mo ti lé ní ogún ọdún díẹ̀ nígbà náà, mo ti jáde ilé ẹ̀kọ́ girama, mo sì ń retí ibi tí ayé yóò pè mí sí. Níwọ̀n bí mo ti jẹ́ àkọ́bí, mo ti fi ara mi joyè baálé. Fìlà bàbá mi ni mo ń dé kiri, bí ó tilẹ̀ ń bò mí létí. Láràárọ̀ ni mo ń lọ wo àgbàdo Bàbá Àgbà. Nínú gbogbo ọmọ àgbẹ̀ ilẹ̀ Yewa, èmi nìkan ni mo mọ̀ tí ó ń bẹ Ọlọ́run lọ́dún náà pé kí òjò má tíì rọ̀ púpọ̀.

Ìlaró ni mo ti lọ mú ríwáyà wá, ìyẹn àwọn tí ń tún iná inú ọkọ̀ ṣe. Ọkùnrin kúkúrú ni, ohùn rẹ̀ sì ga ju ara rẹ̀ lọ. Nínú àpò ìwé ọmọdé ni ó ń kó irin iṣẹ́ rẹ̀ sí. Ohun tí ó fẹ́ràn jù nínú wọn ni gílóòbù kékeré kan tí ó so wáyà méjì mọ́. Bí ó bá fi ojú ọ̀kan nínú wọn kan ibi tí iná wà, gílóòbù náà á tàn. Bí iná kò bá sí níbẹ̀, á dákẹ́. "Ẹlẹ́rìí" ni ó ń pè é, nítorí, gẹ́gẹ́ bí ó ṣe wí, òun nìkan ni kì í purọ́ ní ìdí iṣẹ́ ọkọ̀. Ó gbé bátìrì tí iná kún inú rẹ̀ wá, ó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó sì dúró.

"Ta ló ṣe irú èyí?"

"Bàbá mi ni."

"Ọlọ́run á forí jì í. Ṣé ọkọ̀ lo ní kí n wá tún ṣe ni, àbí ìfun màlúù?"

Òtítọ́ ni ó sọ. Nígbà tí wọ́n ṣe ọkọ̀ náà, wáyà rẹ̀ ní oríṣiríṣi àwọ̀, kí ẹni tí yóò tún un ṣe lè mọ èyí tí ó lọ sí iná iwájú yàtọ̀ sí èyí tí ó lọ sí ẹ̀yìn. Ṣùgbọ́n bí èyí ti ń jó tí eku sì ń jẹ ìyẹn, bàbá mi a gé e kúrò, a sì fi òmíràn rọ́pò rẹ̀ láti ara ìdì wáyà pupa ńlá kan tí ó rà ní Kútọnu. Ìdì kan ṣoṣo yìí ni ó ń gé fún ọdún púpọ̀, nítorí ó gbà pé kò sí wáyà gidi níbòmíràn. Gbogbo àwa ará ẹnubodè ni a gba irú nǹkan bẹ́ẹ̀ gbọ́ nígbà náà: ohun tí ó bá ti ọ̀dọ̀ Faransé wá, ojúlówó ni, ohun tí ó bá ti Èkó wá, kí a kọ́kọ́ fi eyín gé e wò. Bí ó ṣe di pé gbogbo wáyà inú ọkọ̀ náà pọ́n bí ata nìyẹn, tí kò sí èyí tí a lè fi ojú dá mọ̀.

Ríwáyà na ọwọ́ sí wọn, ó sì yára fà á padà bí ẹni tí àkéekèé ta. Ní ìdí wáyà kọ̀ọ̀kan ni ègé aṣọ kékeré kan wà, tí a so pinpin, tí ọ̀kan kò sì jọ èkejì.

"Màmá!" ó ké. "Màmá, ẹ jáde wá o! Èmi kì í fọwọ́ kan ohun tí olóògbé bá dì. Mo láya nílé, mo bímọ!"

Bàbá Àgbà na ọrùn láti ọ̀dẹ̀dẹ̀. Obìnrin kan tí ó wá wòran fa ọmọ rẹ̀ sẹ́yìn. Èmi náà, baálé onífìlà, mo rìn sẹ́yìn díẹ̀, mo sì ṣe bí ẹni tí ó fẹ́ wo táyà. Ìyá mi jáde pẹ̀lú okùn ìwọ̀n lọ́rùn, ó tẹ orí bọ inú ọkọ̀ náà, ó wò ó títí. Lẹ́yìn náà ni ó bú sẹ́rìn-ín. A kò gbọ́ ẹ̀rín yẹn láti ìgbà ọyẹ́. Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú rẹ̀, ó sì fi etí okùn ìwọ̀n nù ún.

"Aṣọ mi ni," ó wí. "Ẹ̀yin oníbẹ̀rù yìí! Abẹ́ máṣínì mi ló ti ń ṣà wọ́n. Mo rò pé ọwọ́ ló fi ń nù."

Ó mú ègé kan tí ó pupa rúsúrúsú, tí òdòdó dúdú wà lára rẹ̀. "Họ́ọ̀nù nìyí."

"Báwo lẹ ṣe mọ̀?"

"Aṣọ ìyá onígaàrí ẹ̀yìn ilé yìí ni. Bàbá wọn máa ń sọ fún mi pé bí obìnrin yẹn bá ti la ẹnu, kò sí ẹran tí kò ní kúrò lójú títì."

Ríwáyà fi wáyà náà kan bátìrì. Họ́ọ̀nù ké, àwọn ewúrẹ́ tí ó wà lábẹ́ igi kaṣú sì fọ́n ká. Ìyá mi tún mú òmíràn, ègé funfun tí léèsì wà létí rẹ̀. "Iná bíréèkì. Bùbá ìyá tó bí mi lọ́mọ nìyí. Bí ó bá ti wọ ọkọ̀ yìí báyìí, 'Rọra o, àna mi, rọra o' ló máa ń kígbe títí dé Ìlaró." Iná pupa sì tàn lẹ́yìn ọkọ̀. Lẹ́yìn náà ni ó mú ègé kakí kan, ó sì wo ojú mi.

"Yunifọ́ọ̀mù ẹni tó dúró yìí ni. Sítátà tó ń jí ẹ́ńjìnnì nìyẹn."

"Kí ló wá kàn án pẹ̀lú sítátà?"

"Ṣé ẹ ò tíì wà níbí nígbà tí a bá ń jí i láàárọ̀ ni? Ẹ ó jí i, ẹ ó jí i, ara rẹ̀ á kàn máa mì, kò ní dìde."

Ríwáyà rẹ́rìn-ín débi pé ó gbé ẹlẹ́rìí rẹ̀ sílẹ̀. Mo ṣí fìlà, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbọn eruku tí kò sí lára rẹ̀.

Ohun tí ó yà mí lẹ́nu jù lọ́jọ́ náà, tí n kò sì lè sọ fún ẹnikẹ́ni, ni pé n kò mọ̀ pé àwọn méjèèjì máa ń ṣe àwàdà. Níwájú wa, ọ̀rọ̀ wọn kì í ju "Oúnjẹ ti jinná" àti "Ẹ kú iṣẹ́" lọ. Mo ti gbà pé bí ìgbéyàwó àgbà ṣe ń rí nìyẹn, bí ilé tí a ti kùn tán, tí kò sí ohun tí a tún ń sọ nípa rẹ̀. Àṣé nírọ̀lẹ́, bí àwa ọmọ bá ti ń ṣeré níta, bàbá mi á lọ jókòó ti máṣínì, á máa ṣa ègé aṣọ nílẹ̀, àwọn méjèèjì á sì máa fi gbogbo ìlú ṣẹ̀fẹ̀. Àwọn òbí a máa ní ayé tiwọn, ọmọ kì í sì í débẹ̀ àyàfi bí ilẹ̀kùn rẹ̀ bá ṣèèṣì ṣí.

Bí iṣẹ́ náà ṣe ń lọ nìyẹn, ìyá mi ń sọ ti aṣọ, ríwáyà ń tẹ̀lé e pẹ̀lú ẹlẹ́rìí. Iná iwájú tàn, iná ẹ̀yìn tàn, wáípà jí, ó sì ń nu dígí tí kò sí òjò lára rẹ̀. Ṣùgbọ́n ríwáyà ṣàkíyèsí pé bí ẹ́ńjìnnì bá ń ṣiṣẹ́, dínámò ń pèsè iná, iná náà kò sì dé inú bátìrì. Ó tọ ipa wáyà náà lọ. Wáyà yìí kò sí pẹ̀lú àwọn yòókù. Ó gba abẹ́ ilẹ̀ ọkọ̀ lọ sí ìsàlẹ̀ àga awakọ̀. Nígbà tí a gbé àga náà kúrò, a rí ègé aṣọ tí ó wà ní ìdí rẹ̀. Aláró ni, ó ní ilà funfun tín-ín-rín, etí rẹ̀ kan sì ní ìránṣọ wẹ́wẹ́.

Ìyá mi fi ìka méjì mú un, bí ó ti máa ń mú aṣọ tí oníbàárà bá gbé wá. Ó yí i padà, ó wo etí rẹ̀.

"Èyí kì í ṣe tèmi."

"Bóyá ẹ ti gbàgbé ni, Màmá."

"Télọ̀ kì í gbàgbé aṣọ. Ọwọ́ ni wọ́n fi ran etí eléyìí. Èmi kì í fi ọwọ́ ran etí aṣọ."

Ríwáyà gbọ́n. Ó tẹ̀lé wáyà náà títí ó fi dé ara àpótí irin kékeré kan, ó sì ṣí i. Inú rẹ̀ dúdú, òórùn ìjóná sì jáde. "Kọ́táòtù ti jóná," ó wí. "Òun ni kọ́sítọ́ọ̀mù àárín dínámò àti bátìrì. Bí iná bá ń bọ̀, òun ló ń ṣílẹ̀kùn fún un. Bí bátìrì bá yó, òun ló ń tì í. Ní báyìí, ó ti tì í pa, ó sì ti gbé kọ́kọ́rọ́ mì."

Mo gbé àpótí náà lọ sí Ìlaró, sọ́dọ̀ àwọn tí ń ta ẹ̀yà ara ọkọ̀. Ẹni àkọ́kọ́ wò ó, ó sì dá a padà fún mi bí ẹni dá owó aláwọ̀ àtijọ́ padà. "Ti Faransé nìyí, àbúrò. Lọ bá ṣọ́jà tó ti ẹnubodè." Ẹlòmíràn fún mi ní èyí tí ó jọ ọ́ láti ara ọkọ̀ mìíràn, mo sì gbé e délé pẹ̀lú ayọ̀. Ríwáyà wò ó, ó mi orí: èyí yóò se bátìrì jinná kí ọkọ̀ náà tó dé Ìgbógìlà lójú ọ̀nà Ìlaró. Ìgbà náà ni ó fà sún mọ́ ìyá mi, tí ó rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ tí ó ti dé.

"Màmá, ẹ jẹ́ kí n fi iná kún bátìrì bámúbámú. Ó máa gbé ọkọ̀ yìí lọ sí Ìlaró, á sì gbé e bọ̀. Bàbá Àgbà ò ní mọ̀."

"Èmi á mọ̀," ìyá mi dáhùn. "Ọjọ́ kejì ńkọ́? Ṣé ẹ̀yin lẹ ó máa ru bátìrì tẹ̀lé mi kiri ọjà ni?"

Ní àkókò yìí, àgbàdo ti ń pọnmọ. Ọ̀nà kan ṣoṣo ni ó kù. Àbúrò bàbá mi kan ń gbé ní Ìwòyè-Kétu. Ilé rẹ̀ wà ní ilẹ̀ wa, oko rẹ̀ wà ní ilẹ̀ Faransé, bí ó sì ti rí nìyẹn láti ìgbà bàbá bàbá rẹ̀. Ààlà tí òyìnbó fà kò tíì bi iṣu rẹ̀ léèrè ibi tí ó ń ta sí. Àwọn ṣọ́jà mọ̀ ọ́n. Ẹni tí ó bá gbé ọkọ́ lọ lówùúrọ̀, tí ó sì ru iṣu bọ̀, wọn kì í yọ ọ́ lẹ́nu. Mo wọ ọkọ̀ lọ sí Ìmẹ̀kọ, mo fi ẹsẹ̀ àti kẹ̀kẹ́ tán èyí tí ó kù, mo sì sọ fún un pé èmi fúnra mi fẹ́ bá a sọdá lọ sí Kétu ní ilẹ̀ Faransé, sọ́dọ̀ mẹkáníìkì tí ń tún irú ọkọ̀ wa ṣe níbẹ̀. Ó wò mí láti orí dé ẹsẹ̀.

"Àgbẹ̀ wo ló ń wọ bàtà dídán lọ sóko? Gbé e wá, kí o máa lọ sílé. Bí wọ́n bá rí ìwọ, wọn á ní o fẹ́ lọ pààrọ̀ owó."

Mo gbé àpótí náà fún un, mo sì padà pẹ̀lú ìbínú, nítorí mo gbà pé ó ti fi ojú di akíkanjú. N kò tilẹ̀ ronú pé bàtà náà ti jẹ mí lẹ́sẹ̀ tán kí n tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

A retí rẹ̀ títí. Bàbá Àgbà a máa lọ sẹ́yìn ilé láràárọ̀, a fi àtàńpàkò tẹ ọmọ àgbàdo wò, a sì padà sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Àwọn onírin ti tún ránṣẹ́. Ìyá mi ń ránṣọ, kò wo ojú ọ̀nà, ṣùgbọ́n bí kẹ̀kẹ́ bá ro, ẹsẹ̀ rẹ̀ a dúró lórí máṣínì. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan ni àbúrò bàbá mi dé, iṣu ní ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́ rẹ̀, àpótí irin tuntun lábẹ́ iṣu, nínú ewé. Mo sáré lọ pe ríwáyà. Nígbà tí ó fi wà lábẹ́ àga tí ó ń so ó, àbúrò bàbá mi jókòó lórí àpótí ìjókòó ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ń jẹun, ó sì ń ròyìn.

"Mẹkáníìkì yẹn ti mọ àpótí náà kí n tó la ẹnu. Ó ní ọkọ̀ ará Ayétòrò ni, pé ó ti pẹ́ tí àwọn ti ń retí rẹ̀. Olóògbé ẹ̀gbọ́n mi ti ní kó bá òun wá òmíràn, ó sì ti wà nílẹ̀ láti ìgbà ọyẹ́. Mo ní èló ni. Ó ní ọ̀rọ̀ owó yẹn ti parí." Ó gé iṣu bọ ẹnu. "Obìnrin kan wà níbẹ̀ lábẹ́ àtíbàbà. Òun ló bi mí pé, 'Ṣé ara rẹ̀ ti wá yá?'"

Máṣínì ìyá mi dákẹ́. "Kí lẹ sọ fún un, ọkọ mi?" Bí ó ti máa ń pe gbogbo àbúrò bàbá mi nìyẹn.

"Kí ni mo fẹ́ sọ, Ìyàwó? Òótọ́ ni mo sọ. Kò sí ẹni tó gbé ìròyìn dé ọ̀dọ̀ wọn kí ẹnubodè tó tì. Mo ní ó ti lọ. Obìnrin náà dìde, ó wọlé. Mo dúró, mo dúró, kò jáde mọ́."

Ohùn irin iṣẹ́ ríwáyà nìkan ni a ń gbọ́ lábẹ́ àga.

"Kí ló wọ̀?" ìyá mi bèèrè.

"Háà?"

"Aṣọ. Irú aṣọ wo ló wọ̀?"

"Èmi ò wo aṣọ, Ìyàwó. Ojú rẹ̀ ni mo ń wò."

Ìyá mi mi orí. Ó tún tẹ ẹsẹ̀ mọ́ máṣínì. Láti ibi tí mo dúró sí, mo rí i pé òwú ti já. Abẹ́rẹ́ lásán ni ó ń lọ sókè sódò. Kò pẹ́ tí ríwáyà yọ orí jáde, tí kò mọ ohun tí a ń sọ, tàbí tí ó mọ̀ tí ó sì ń dibọ́n.

"Màmá, mo ti so ó tán. Ẹ fún mi ní ègé aṣọ tiyín kan, kí n fi rọ́pò aláró yìí, kí n lè dá a mọ̀ lọ́jọ́ mìíràn."

Ègé aṣọ pọ̀ yí ẹsẹ̀ ìyá mi ká bí ewé ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ó bẹ̀rẹ̀, ó mú ọ̀kan, ó wò ó, ó sì tún jù ú sílẹ̀.

"Ẹ má tú u," ó wí.

"Ẹ ní kí n má ṣe kí ni?"

"Mo ní ẹ má tú u. Iṣẹ́ rẹ̀ ló ń ṣe níbẹ̀."

Ríwáyà wọnú ọkọ̀, ó yí kọ́kọ́rọ́. Ọkọ̀ náà mì, ó dákẹ́, ó mì lẹ́ẹ̀kejì, ó sì dìde lójijì pẹ̀lú èéfín dúdú, gbogbo wa sì bẹ̀rẹ̀ sí í sín. Ó ní kí n máa tẹ epo, òun sì fi ẹlẹ́rìí kan orí bátìrì. Bí mo bá tẹ epo, gílóòbù náà á mọ́ sí i. Bí mo bá fi sílẹ̀, á rẹlẹ̀ díẹ̀. "Ó ti ń jẹun!" ni ríwáyà ń pariwo. "Màmá, bátìrì yín ti ń jẹun!"

Lọ́jọ́ kejì, wọ́n di àpò láfún àti ata àwọn obìnrin àdúgbò sí ẹ̀yìn rẹ̀. Ríwáyà ni ó wà á, Bàbá Àgbà sì jókòó níwájú, nítorí ó ní ẹni tí ó dá ẹjọ́ gbọ́dọ̀ rí i. A ń gbọ́ bí ó ti ń sín títí wọ́n fi ṣẹ́ kọ́nà. Ìyá mi kò ránṣọ lọ́jọ́ náà. Ó gbá àgbàlá, ó sì tún un gbá. Oòrùn ti ń rọlẹ̀ nígbà tí a gbọ́ họ́ọ̀nù láti ìyànà, tí àwọn ewúrẹ́ tún fọ́n ká. Bàbá Àgbà sọ̀ kalẹ̀, ojú rẹ̀ pọ́n fún ata. Ó lọ tààrà sẹ́yìn ilé, ó ya ọmọ àgbàdo kan, ó bó o, ó fi èékánná tẹ̀ ẹ́, ó sì gbé e wá síwájú ìyá mi kí ó lè rí omi funfun tí ó ń jáde.

"Omi ṣì ni," ó wí. "Kò tíì tó sè. Ìyàwó, gba ọkọ̀ rẹ."

Ọkọ̀ náà ṣiṣẹ́ fún ìyá mi fún ọdún púpọ̀, lábẹ́ awakọ̀ tí ó gbà. Òun ni ó rán àwọn àbúrò mi nílé ìwé, òun sì ni ó gbé àpótí mi lọ sí ibi tí ayé pè mí sí nígbẹ̀yìn. Wọ́n ṣí ẹnubodè ní ọdún 1986. Àwọn obìnrin ọjà tún bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sí Kétu àti Kútọnu, wọ́n sì máa ń pe ìyá mi pé kí ó wá, ṣùgbọ́n kò lọ. Bí ọkọ̀ bá ń fẹ́ ẹ̀yà kan láti ọ̀hún, ríwáyà ni ó ń rán. N kò gbọ́ kí ó bi ríwáyà ní ìbéèrè kankan bí ó bá dé. Nígbà tí ìyá mi dàgbà, tí ó fẹ́ràn láti máa sọ ìtàn àwọn ègé aṣọ náà fún àwọn ọmọ mi, a máa sọ ti họ́ọ̀nù, a sọ ti bíréèkì, a sì sọ ti sítátà ju gbogbo rẹ̀ lọ, kí wọ́n lè fi mí rẹ́rìn-ín. Kò dárúkọ aláró rí. N kò sì bi í. Àwọn àgbà ní gbogbo ohun tí ojú rí kọ́ ni ẹnu ń sọ, mo sì gbà nígbà náà pé ọ̀wọ̀ ni ó jẹ́ kí n dákẹ́.

Lẹ́yìn tí ìyá mi kú ni mo bi Bàbá Àgbà léèrè, nítorí òun ni ó mọ bàbá mi láti kékeré. Ó ti di arúgbó kùjọ́kùjọ́. "Ṣé èmi ni mo ran aṣọ ni?" ó wí, ó sì ní kí n bá òun mú omi wá. Ríwáyà ní tirẹ̀ gbà pé àkísà lásán ni, pé mẹkáníìkì Kétu ni ó so wáyà náà, tí ó sì mú ohun tí ọwọ́ rẹ̀ bà. Ó ṣeé ṣe. Àbúrò bàbá mi kò fi nǹkan kún ìtàn tirẹ̀, kò sì yọ nǹkan kúrò nínú rẹ̀ títí ó fi kú. Iṣẹ́ gbé èmi fúnra mi dé Kétu lẹ́ẹ̀kan, mo sì wá ibi tí mẹkáníìkì náà wà. Wọ́n ti kọ́ ilé síbẹ̀. Mo bèèrè nípa obìnrin kan tí ó máa ń jókòó lábẹ́ àtíbàbà, àwọn ènìyàn sì rẹ́rìn-ín, nítorí kò sí ojúlé tí kò ní àtíbàbà níwájú ní àdúgbò náà nígbà kan rí. Mo rí aṣọ aláró onílà funfun lára obìnrin tí ó pọ̀, àgbà àti ọmọdé, ní ọjà àti lójú ọ̀nà.

Mo mọ ohun tí wáyà náà ń ṣe, mo sì mọ ohun tí ó jóná ní ìdí rẹ̀. Obìnrin tí ó bèèrè bóyá ara bàbá mi ti yá, n kò mọ orúkọ rẹ̀, n kò mọ ohun tí bàbá mi jẹ́ sí i, n kò sì mọ̀ bóyá òun ni ó ran etí aṣọ náà.